Ohun róbótó tó ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì mi: ṣé condensate ni lóòótọ́?

“Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Mò ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà nínú ìmọ̀ bayokẹ́mísírì. Mo so GFP mọ́ purotéènì FUS tó ní àyípadà P525L, mo fi í sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì HeLa. Lẹ́yìn wákàtí 24, mo rí àwọn ohun róbótó tó ń tàn yòò níta núkílíọ́ọ̀sì. Mo da 1,6-hexanediol 10% lé wọn lórí, gbogbo wọn pòórá kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mo wá kọ ọ́ pé condensate ni wọ́n, pé phase separation ló dá wọn. Alábòójútó mi ní ẹ̀rí náà kò tó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní láàbù sì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé condensate yẹn gan-an ni àrùn ALS. Ta ni kí n gbà gbọ́, kí ni mo sì lè ṣe láàárín oṣù mẹ́rin tó kù fún mi?”

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: condensate ni ohun tó ṣù jọ nínú sẹ́ẹ̀lì láìsí awọ; phase separation ni kí purotéènì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú omi tó yí i ká, bí ẹ̀kán; FUS ni purotéènì kan tó ń lẹ̀ mọ́ RNA, P525L sì ni àyípadà kan lára rẹ̀; GFP ni purotéènì tó ń tàn, tí a fi ń rí òmíràn; HeLa ni sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí a ń tọ́jú ní láàbù; ALS ni àrùn tó ń pa iṣan ara tó ń darí ìrìn. Ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ ká tú wọn. Èkíní ni pé kí ló tó ẹ̀rí pé ohun tó ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ condensate. Èkejì ni pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé àìsàn nìyẹn. Lórí èkíní, alábòójútó yín ló jàre. Lórí èkejì, ẹlẹgbẹ́ yín di orí òtítọ́ kan mú, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kò ṣòfò, àmọ́ ẹ ti yára dé ìparí jù.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kan ní awọ tó yí wọn ká: núkílíọ́ọ̀sì ní, mitokọ́ńdíríà ní. Àwọn mìíràn wà tí kò ní awọ kankan, síbẹ̀ tí ohun inú wọn kò fọ́n ká. Nucleolus, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to ríbósómù, ni àgbà wọn. Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó ń wo sẹ́ẹ̀lì ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú un dúró láìsí awọ ni kò yé wọn. Ní 2009, Clifford Brangwynne, Anthony Hyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Dresden, ní Jámánì, ń wo P granule, ọ̀kan lára àwọn yàrá aláìláwọ yìí, nínú ọlẹ̀ aràn tín-ín-rín tó ń jẹ́ C. elegans. Wọ́n rí i pé bí omi ló ń ṣe: méjì á kan ara wọn, wọ́n á di ọ̀kan, á tẹ́ mọ́ ara núkílíọ́ọ̀sì, á ṣàn, á kán. Ní 2012, láàbù Michael Rosen ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, fi hàn nínú àwo pé purotéènì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi ìsomọ́ púpọ̀ lè dá irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Orúkọ náà, biomolecular condensate, fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2017. Láti ibí lọ, ìṣùjọ ni mo máa pè é, nítorí pé ohun tó ń ṣe nìyẹn: ó ń ṣù jọ.

Kí ló mú un ṣù? Ẹ bu iyọ̀ sínú ife omi kan, ẹ rò ó, ó yòrò. Ẹ tún bù sí i. Yóò dé ibì kan tí omi náà kò ní gbà mọ́. Èyí tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìsàlẹ̀ ife ló ń lọ. Bí ẹ bá tọ́ omi òkè wò, iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ sí i, bó ti wù kí ti ìsàlẹ̀ ga tó. Ìwọ̀n tí omi òkè kò kọjá yẹn ni à ń pè ní csat. Purotéènì náà ní tirẹ̀. FUS, nínú omi tó ní iyọ̀ bíi ti inú ara, nǹkan bí 150 mM, csat rẹ̀ kò ju µM mélòó kan lọ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi ni mM àti µM, mM kan jẹ́ 1,000 µM), èyí kò sì jìnnà sí iye rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lórí ẹ̀rí, orí ife iyọ̀ yìí ló dúró lé: ẹ wá ìwọ̀n kí ẹ tó wá ìrísí.

Ohun tó ń fa FUS mọ́ra kò le rárá. Okùn amino acid 526 ni í. Apá iwájú rẹ̀, nǹkan bí 214 àkọ́kọ́, kì í ká di ìrísí kan pàtó, ṣe ló máa ń fì káàkiri, ẹyọ amino acid tó ń jẹ́ tyrosine, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ló sì tò sí ara rẹ̀. Lápá ẹ̀yìn, arginine ló pọ̀. Tyrosine a máa lẹ̀ mọ́ arginine, á tú, á tún lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ìdè kan ṣoṣo kò lè gbé nǹkan kan ró. Àmọ́ bí okùn kọ̀ọ̀kan bá ní ọwọ́ ogún, ọgbọ̀n, kí ọwọ́ kan tó tú, òmíràn ti di ẹlòmíràn mú. Ìdí nìyẹn tí ìṣùjọ fi ń dúró tó sì tún ń ṣàn. Bí a bá fi serine rọ́pò àwọn tyrosine yẹn, ṣíṣù náà kò ní wáyé mọ́ ní ìwọ̀n tó ti ń wáyé tẹ́lẹ̀. Ẹ fi èyí pamọ́, a máa lò ó.

Àfiwé epo tó léfòó lórí ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí. Ó dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà lẹ́yìn náà. Epo kì í gba omi sínú. Ìṣùjọ purotéènì kún fún omi, RNA àti àwọn purotéènì mìíràn sì ń wọlé, wọ́n ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá ti gbà pé epo ni, á rò pé ohun tó bá ti tú u ká ti jẹ́rìí sí i. Ibẹ̀ gan-an ni hexanediol ti ń tan èèyàn jẹ.

1,6-hexanediol jẹ́ irú álíkọ́ọ̀lù kan tó ń sọ àwọn ìdè tí kò lágbára di aláìlágbára pátápátá. Kò mọ èyí tó wà nínú ìṣùjọ yàtọ̀ sí èyí tó wà níbòmíràn. Ihò ara núkílíọ́ọ̀sì, irú ìdè yìí náà ló ń ṣọ́ ọ. Hexanediol máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu. FUS tó ní P525L wà níta nítorí pé kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Bí ihò bá ṣí, ó lè ya wọlé, kí ohun tó wà níta sì tú ká nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ ti dín. Ẹ padà lọ wo àwòrán yín: ṣé núkílíọ́ọ̀sì tàn sí i lẹ́yìn tí àwọn róbótó náà pòórá? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ìwádìí tó jáde ní 2021 fi hàn pé ó ń dá iṣẹ́ kinase àti phosphatase dúró (àwọn ensáìmù tó ń fi phosphate sí purotéènì tó sì ń yọ ọ́), àti pé ó ń mú kí chromatin, DNA pẹ̀lú àwọn purotéènì tó wé mọ́ ọn, há pọ̀. Ní 10%, awọ sẹ́ẹ̀lì pàápàá kì í dúró bó ṣe yẹ. Nítorí náà, pípòórá yẹn sọ fún yín pé ìdè tí kò le ló mú wọn, pé wọn kò tíì gan. Kò sọ bí wọ́n ṣe wáyé. Bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ lo 3 sí 5%, ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ fi 2,5-hexanediol tí agbára rẹ̀ kéré ṣe àfiwé ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò láti rí i bóyá wọ́n á padà wá.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìrísí róbótó náà. Maikirosíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lásán kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 250 nm. Ohunkóhun tó bá kéré sí ìyẹn, róbótó ló máa rí lójú yín, ì báà jẹ́ igun mẹ́rin ló ní. Bí tiyín bá kéré, ẹ yọ ọ̀rọ̀ róbótó kúrò nínú ẹ̀rí. Bí ó bá tó 2 µm sókè, ẹ ti rí ibi dúró: ẹ ya fídíò sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ẹ wò bóyá méjì á pàdé, wọ́n á sì padà di róbótó kan ṣoṣo. Ẹ má fi formaldehyde pa á kí ẹ tó wò ó, torí pé òun náà lè dá ìṣùjọ tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè tú èyí tó wà.

FRAP, níbi tí a ti ń fi laser pa ìmọ́lẹ̀ ibì kan ká lè mọ bó ṣe ń yá padà tàn, wúlò, àmọ́ ẹ̀rí tó ń jẹ́ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé e ga. Purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ DNA ní ojú kan, tí kò sí nínú ẹ̀kán kankan, lè padà tàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Èyí tó sọ nǹkan ni kí ẹ pa ìdajì ẹ̀kán kan ṣoṣo, kí ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ìdajì tó yè bá ń dín bí èyí tí ẹ pa ti ń padà, àwọn ohun inú rẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ra. Bí kò bá dín, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ìta wọlé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù lọ nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ kò sọ: FUS náà ti pọ̀ tó nínú sẹ́ẹ̀lì yín? Plasmid (òrùka DNA tí ẹ fi gbé FUS wọlé) tó ní promoter líle (apá DNA tó ń pàṣẹ iye tí a ó ṣe) lè mú un di ìlọ́po mẹ́wàá iye ti àdánidá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ife iyọ̀. Ohunkóhun ló máa ṣù bí ẹ bá bù ú jù. Ẹ ṣe western blot, àyẹ̀wò tó ń fi iye purotéènì hàn, ẹ fi iye tiyín wé FUS tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ wo GFP náà, nítorí GFP àtijọ́ máa ń so méjì-méjì, ó sì ń fi ọwọ́ kún ọwọ́. mEGFP tó ní àyípadà A206K ni kí ẹ lò. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ọ̀rá tí a fi ń gbé plasmid wọlé lè ni sẹ́ẹ̀lì lára débi pé yóò dá stress granule sílẹ̀ (ìṣùjọ tí sẹ́ẹ̀lì ń dá nígbà ìnira), FUS tó wà níta sì máa ń wọ inú wọn. Ẹ wá G3BP1, purotéènì tí a fi ń dá stress granule mọ̀, níbẹ̀. Ẹ ní sẹ́ẹ̀lì kan tó gba ọ̀rá lásán. Ẹ ní òmíràn tó gba sodium arsenite 0.5 mM fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, tó jẹ́ àpẹẹrẹ stress granule gidi (májèlé ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má dà á sí ojú ìdaminù). Bí cycloheximide, oògùn tó ń dá ṣíṣe purotéènì dúró, 50 sí 100 µg/ml, bá tú tiyín ká bó ṣe ń tú ti arsenite, stress granule ni ẹ̀ ń wò, àlejò sì ni FUS jẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí owó díẹ̀ lè ṣe, tó sì fún yín ní ìwọ̀n, inú túùbù ló wà. Ẹ ṣe FUS tí a so mọ́ MBP, purotéènì mìíràn tó ń yòrò dáadáa, nínú bakitéríà. MBP kì í jẹ́ kó ṣù. Ẹ fi iyọ̀ 500 mM sí 1 M fọ̀ ọ́, nítorí RNA bakitéríà máa ń lẹ̀ mọ́ FUS, RNA díẹ̀ a sì máa mú un ṣù nígbà tí RNA púpọ̀ ń tú u ká. Bí A260/A280 (ìmọ́lẹ̀ tó gbà mu ní 260 nm, tí a fi ti 280 nm pín) bá ju 0.7 lọ, RNA ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ láti inú fíríìsà, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí i kí ohun tó ti bàjẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tún wọn èyí tó kù. Ẹ wá to 0.5, 1, 2, 4, 8 àti 16 µM, nínú 150 mM NaCl, pH 7.4. Ẹ ṣírò iyọ̀ tó bá purotéènì wá: ìdá kan nínú mẹ́wàá láti inú 1 M ti gbé 100 mM wọlé, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí òfo tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fi TEV, ensáìmù tó ń gé purotéènì, gé MBP kúrò. Ní ìwọ̀n wákàtí kan, omi náà á dà bí ẹni pé wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí i. Ẹ wo ìkùukùu yẹn pẹ̀lú spectrophotometer ní 340 tàbí 600 nm, kí ẹ sì fi ẹ̀kán kan sábẹ́ maikirosíkóòpù, lórí gíláàsì tí ẹ ti fi BSA tàbí Pluronic F-127 kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kán náà á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ yí gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n otútù kan náà tí ẹ fi dá a sílẹ̀. FUS ń ṣù sí i bó bá ti ń tutù. Bí ẹ bá gbé e lọ sí 4°C, ẹ ti yí ìdáhùn padà. Ẹ má fi A280 wọn omi òkè, torí MBP tí ẹ gé kúrò ṣì wà nínú rẹ̀, á sì fún yín ní iye tó pọ̀ ju òótọ́ lọ. Ẹ gbé omi òkè àti ìsàlẹ̀ sórí gel. MBP á dúró ní nǹkan bí 42 kDa. FUS jẹ́ 53 kDa nínú ìṣírò, àmọ́ ó máa ń dúró sí tòsí 70, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí FUS omi òkè bá ń pọ̀ sí i títí dé ìwọ̀n kan tó wá dúró gbọin, tí ìsàlẹ̀ nìkan ń ga, csat yín nìyẹn. Ẹ wá gbé FUS tí a ti fi serine rọ́pò tyrosine rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà. Bí òun kò bá ṣù ní ìwọ̀n yẹn, ẹ ti mọ ọwọ́ tó ń di ọwọ́ mú. Ẹ gbé e lọ sínú sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ wò ó níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé PEG 8000 10%, ohun tó ń há purotéènì mọ́ra, nìkan ló lè mú ohunkóhun ṣù, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ketekete, nítorí púpọ̀ nínú purotéènì ni PEG lè fipá mú ṣù.

Ó ní ibi tí gbogbo èyí mọ. Ìwọ̀n ààlà, bíi csat, nìkan kò tó: hemoglobin ẹni tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde náà ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ṣù nígbà tí atẹ́gùn bá wọ́n, àmọ́ okùn líle ló ń dà, kì í ṣàn. Ẹ nílò ìwọ̀n, ẹ nílò ìṣàn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ tún gbòòrò, nítorí pé purotéènì púpọ̀ àti RNA ló ń ṣù pọ̀, èyí tó wà níta lè máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ dípò kó dúró gbọin bíi ti túùbù. Wọ́n ti rí èyí lára purotéènì NPM1 nínú nucleolus. Nítorí náà, bí ìlà yín nínú sẹ́ẹ̀lì kò bá dúró tẹ́jú, kò túmọ̀ sí pé ìṣùjọ kọ́. Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó lè dá ẹjọ́ yìí.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ìṣùjọ bá jẹ́ àrùn, gbogbo wa la ti kú, nítorí láìsí nucleolus, a kò ní ríbósómù. Stress granule máa ń kó mRNA jọ nígbà ìnira, ó sì ń túká nígbà tí ara bá rọ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kòkòrò àrùn náà mọ ọgbọ́n yìí. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ ajá dìgbòlugi mọ Negri body, tí Adelchi Negri ṣàpèjúwe ní 1903. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ẹ̀kán tó ń ṣàn ni, níbi tí fáírọ́ọ̀sì náà ti ń ṣe ẹ̀dà RNA rẹ̀. Ohun tó kan ALS ni bí ìṣùjọ ṣe ń gan. Ẹ̀kọ gbígbóná ń ṣàn. Bó bá tutù nínú ewé, ó dì, síbẹ̀ ẹ lè pò ó padà. Ẹyin tí ẹ bá ti sè kò ní padà di omi mọ́. Ní 2015, láàbù Hyman fi hàn pé ẹ̀kán FUS tó ń ṣàn máa ń di okùn gígan bí wákàtí ti ń lọ, àti pé àyípadà G156E, tó wà lára àwọn aláìsàn ALS kan, ń mú un yá sí i. Ti P525L yàtọ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sì tọ́ sí àfiyèsí yín. Apá ìparí FUS ni transportin ń dì mú láti gbé e wọ núkílíọ́ọ̀sì, P525L sì ń dẹ ọwọ́ yẹn. Ní 2018, láàbù púpọ̀ fi hàn pé transportin kò ṣe iṣẹ́ aláàárù nìkan. Ó tún ń gba FUS lọ́wọ́ ṣíṣù àṣejù. Àyípadà yín ń gba aláàárù àti olùtọ́jú lọ́wọ́ FUS lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tiyín pòórá lábẹ́ hexanediol, èyí fi hàn pé kò tíì gan ní wákàtí 24. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ALS, ẹ ní láti tọ́jú sẹ́ẹ̀lì náà pẹ́ sí i, kí ẹ fi hàn pé FRAP ìdajì ẹ̀kán ń lọ́ra sí i.

Láàárín oṣù mẹ́rin, èmi kò ní dá yín nímọ̀ràn CRISPR, ọ̀nà tí a ń gbà ṣàtúnṣe DNA, láti so GFP mọ́ FUS ti àdánidá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dára jù; bí kò bá sí ẹni tó ti ṣe é rí ní láàbù yín, ó lè gba gbogbo àsìkò náà. Ẹ fi oṣù kìíní ṣe western blot, G3BP1, cycloheximide àti mEGFP. Àwọn wọ̀nyí lè yí orúkọ ohun tí ẹ rí padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ fi oṣù kejì àti ìkẹta ṣe ti túùbù, pẹ̀lú FUS àti èyí tí kò ní tyrosine. FRAP lè dúró títí ẹ ó fi rí láàbù tó ní confocal, maikirosíkóòpù tó ń lo laser, tí wọ́n á yá yín ní ọjọ́ méjì. Ní báyìí ná, ẹ yọ gbólóhùn “phase separation ló dá wọn” kúrò nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ báyìí: “FUS P525L ṣù jọ níta núkílíọ́ọ̀sì nígbà tí a fi plasmid pọ̀ ọ́ sí i, ìṣùjọ náà sì túká lábẹ́ 1,6-hexanediol 10% láàárín ìṣẹ́jú kan.” Ẹ kọ iye plasmid tí ẹ lò àti wákàtí tó kọjá sí abẹ́ àwòrán náà, kí ẹ fi àwòrán núkílíọ́ọ̀sì ṣáájú àti lẹ́yìn hexanediol sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.